Òkè Kì í Wọ Inú Ilé: Ọ̀rọ̀ lórí Fífi Ogún Òkè àti Omi Èkìtì Hàn ní Músíọ́mù

Àwọn àgbà a máa sọ pé láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti Arámọkọ rìn dé Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, tí ó sì tẹ̀ síwájú dé Òkèmẹsí, kò ní bá wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ibi tí òkè kan bá parí sí ni òmíràn ti ń gbérí. Inú àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun. Lára wọn ni omi ti ń sun tí ó ń bọ́ ilẹ̀ tí ó jìnnà. Ní ẹsẹ̀ wọn ni igi ti hù tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa gbẹ́, tí òkìkí iṣẹ́ wọn fi kàn dé òkè òkun. Ogún ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ogún tí a kò bá fi han ọmọ, bí ẹni tí kò jogún rárá ni ọmọ náà yóò rí.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: báwo ni ó ṣe yẹ kí a fi ogún òkè àti omi hàn nínú músíọ́mù, èyí tí í ṣe ilé tí a ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí? A lè gbé ère sínú àpótí onígíláàsì. A kò lè gbé òkè Ẹ̀fọ̀n síbẹ̀. A lè bu omi Ìkógòsì sínú ìgò, ṣùgbọ́n yóò ti tutù kí ó tó dé ìdí àpótí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi òkè hàn ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó lè wọlé nínú ogún òkè, ohun tí kò lè wọlé, àti ohun tí kò yẹ kí ó wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì pátápátá ni músíọ́mù jẹ́ fún wa. Ààfin àwọn ọba wa ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Níbẹ̀ ni a ń tọ́jú adé àtijọ́, idà, ìlù àti àwọn òpó tí a gbẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ó sì tóbi: ohun tí ó wà ní ààfin, lílò ni a ń lò ó, ohun tí ó wà ní músíọ́mù, wíwò ni a ń wò ó. Bí ohun kan bá kúrò ní ọ̀nà kìíní tí ó bọ́ sí ọ̀nà kejì, ó ní ohun tí ó jèrè, ó sì ní ohun tí ó sọnù. Ọ̀nà mẹ́ta ni a ti gbà ṣe é ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kìíní ni kí a gbé ohun náà lọ. Ìkéré ni a ó ti mú àpẹẹrẹ, ìlú tí àpáta Ọlọ́sunta àti Orólẹ̀ dúró tì bí ẹ̀ṣọ́. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ògògà. Lórí ilẹ̀kùn náà ni ó gbẹ́ bí Ògògà ti jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, tí ó ń gba àlejò òyìnbó aláṣẹ tí àwọn aláàárù gbé wá. Ní ọdún 1924, a gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ ẹ. Ògògà jọ̀wọ́ rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò. Ilẹ̀kùn náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Òpó kan láti ààfin kan náà sì wà ní ilé iṣẹ́ ọnà Art Institute ní Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òtítọ́ yóò sọ ìhà méjèèjì. Ikán kò jẹ ilẹ̀kùn náà, òjò kò pa á, iná kò jó o, àìmọye ènìyàn tí kò mọ ibi tí Èkìtì wà ni ó sì ti dúró níwájú rẹ̀ tí ẹnu yà wọ́n. Pàṣípààrọ̀ ni ó gbé e lọ, kì í ṣe olè. Síbẹ̀, ìtẹ́ kò lè sọ ìtàn tí ilẹ̀kùn ń sọ. Ọmọ Ìkéré tí ó bá fẹ́ rí bí ààfin baba rẹ̀ ti rí ní ayé àtijọ́ ní láti gba ìwé ìrìnnà, kí ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní Ọlọ́sunta lẹ́yìn mọ́. Àwọn tí ń wò ó rí ọba, wọn kò rí àpáta tí ọba náà gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọ̀nà kejì ni kí a kọ́ ilé sí ibi tí ohun náà gbé wà. Ẹ̀sìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni a ti kọ́kọ́ ṣe èyí. Ère òkúta tí ó ju 1,000 lọ ni ó wà nínú igbó kan nítòsí ìlú náà, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, a sì gbẹ́ wọn láti ara òkúta rírọ̀. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ń bọ wọ́n, kí òyìnbó tó dé. Ní ọdún 1933 ni Ramshaw, ọ̀gá tí ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. wò, kọ̀wé nípa wọn. A kò kó wọn lọ sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ni a kọ́ fún wọn níbẹ̀ ní ọdún 1945, ilé náà sì ni músíọ́mù kìíní ní gbogbo Nàìjíríà. A ṣí músíọ́mù Ilé-Ifẹ̀ ní 1954, a sì ṣí ti Èkó ní 1957.

Ẹ̀kọ́ tí Ẹ̀sìẹ́ kọ́ wa pọ̀. Àwọn tí ó ni ère ni ó ń gbé nítòsí rẹ̀; bí àlejò bá dé, ọmọ ìlú ni yóò mú un wọlé; igbó tí ère ti jáde kò jìnnà sí ilé tí ère wọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ibi tí ó jìnnà sí ìlú ńlá kì í tètè rí owó ìtọ́jú, ẹ̀ṣọ́ kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ ní ilé rẹ̀ ní láti ní ẹni tí yóò máa ṣọ́ ilé náà.

Ọ̀nà kẹta ni kí ibi náà fúnra rẹ̀ di músíọ́mù. Òkè Ìdàńrè ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Orí òkè ni àwọn ará Ìdàńrè gbé títí di nǹkan bí ọdún 1933 tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ojúbọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí wọn ní láti gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600. Kò sí gíláàsì níbẹ̀. Àárẹ̀ ẹsẹ̀ ni ó ń kọ́ àlejò ní ohun tí ìwé kò lè kọ́ ọ, nítorí pé bí ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ ní ìdajì ọ̀nà ni yóò mọ ìdí tí ọ̀tá kò fi lè kó ìlú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2007, a fi orúkọ Òkè Ìdàńrè ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ àwọn tí a lè fi ṣe ogún gbogbo ayé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ní 2005.

Bí a ti dárúkọ Ọ̀ṣun yìí, ọ̀rọ̀ náà padà kan ilẹ̀ Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n. Ìgèdè-Èkìtì ni orísun odò Ọ̀ṣun wà. Omi tí gbogbo ayé ń wá wò ní Òṣogbo, láàárín òkè tiwa ni ó ti kọ́kọ́ yọjú. Àwọn baba wa sì ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. A máa ń fi òwe yìí bá ọmọ ènìyàn wí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lò ó fún odò gan-an lẹ́ẹ̀kan. Mélòó nínú àwọn tí ń lọ sí Òṣogbo ní ọdọọdún ni ó mọ̀ pé Ìgèdè ni omi náà ti wá? Bí músíọ́mù kan bá wà tí ó ya ọ̀nà odò náà sára ògiri, láti ìsun rẹ̀ ní Èkìtì títí dé ọ̀sà tí ó wà létí òkun, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi ojú kan ṣoṣo rí bí òkè àti òkun ti jẹ́ ará kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun kan tí ó ń bà wá nínú jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé àfihàn, èyí ni bí a ti ń fi Ẹ̀pà hàn. Ilẹ̀ Èkìtì ni Ẹ̀pà ti gbilẹ̀ jù lọ. Igi kan ṣoṣo ni a fi ń gbẹ́ ẹ: ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò tí a dé orí bọ̀, òkè rẹ̀ sì ni jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá ọlọ́mọ tàbí ọba pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Àwọn kan wúwo tó kìlógíráàmù 25. Nínú músíọ́mù, a ó rí i tí ó dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ iná, a ó sì máa yin ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n a kò gbẹ́ Ẹ̀pà kí ó lè dúró jẹ́ẹ́. Ní ọjọ́ ọdún, ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára ni yóò rù ú jó, yóò sì fò pẹ̀lú rẹ̀ lórí gun òkìtì amọ̀ tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Bí ó bá gùn ún láìṣubú, ayọ̀ ni fún ìlú. Bí ó bá kọsẹ̀, ẹ̀rù a máa ba àwọn àgbà.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà: òkìtì. Ènìyàn tí ń gbé láàárín òkè mọ òkìtì kékeré sí ojúde, ó ní kí ọmọ rẹ̀ gùn ún pẹ̀lú ẹrù wúwo lórí, kí gbogbo ìlú lè mọ̀ pé agbára àtigòkè kò tí ì tán nínú ìran wọn. Bí a ti lóye rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá gbé Ẹ̀pà sínú àpótí láìsọ̀rọ̀ nípa òkìtì rẹ̀, ìdajì ni ó gbé. Bí kò bá sí àyè fún òkìtì nínú ilé, ó kéré tán kí àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, kí a sì gba ìró ìlù àti orin rẹ̀ sílẹ̀ kí àlejò lè gbọ́.

Ohun kejì tí àfihàn máa ń gbàgbé ni orúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ músíọ́mù òkè òkun, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí a ń kọ sí ìdí iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa kò ju "Yorùbá, Nàìjíríà" lọ, bí ẹni pé gbogbo Yorùbá ni ó di ọ̀bẹ kan náà mú. William Fagg ti British Museum wà lára àwọn tí ó ṣe wàhálà láti wá orúkọ àwọn ọlọ́nà náà rí. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ayé fi mọ Agbọ́nbíọfẹ́, ará Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, ọmọ ilé Adéṣínà, tí ó gbẹ́ òpó púpọ̀ sí ààfin Aláàyè, tí ó sì kú ní ọdún 1945. Ti Ọlọ́wẹ̀ tún yani lẹ́nu jù. Ó kú ní 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀mọ̀wé John Pemberton gba oríkì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tí ó ṣì wà láàyè. Oríkì náà ka àwọn ibi tí ó ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí Roslyn Walker sì ṣe àfihàn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ṣoṣo ní Washington ní 1998, oríkì náà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ẹ̀rí tí a ní. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí igi kò lè sọ, ẹnu arúgbó kan ni ó sọ ọ́. Bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ bá fi ọdún díẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè má bá a mọ́.

Ẹ̀kẹta, a kò gbọdọ̀ gbàgbé òkè àti omi fúnra wọn nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ènìyàn ṣe. Òkè Ẹ̀fọ̀n àti àpáta Ìkéré kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Àpáta Ìkéré jẹ́ ohun tí ó ti yọ́ rí ní abẹ́ ilẹ̀, tí ó wá tutù, tí ó sì le. Ṣùgbọ́n iyanrìn ni òkúta òkè Ẹ̀fọ̀n nígbà kan rí. Ìwúwo ilẹ̀ àti ooru ni ó tẹ̀ ẹ́ tí ó sì sè é di òkúta líle tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kúwọ́tísáìtì, láti ohun tí ó ju mílíọ̀nù ọdún 500 lọ. Inú pàlàpálá òkúta yìí ni omi òjò ń gbà wọlẹ̀ lọ jìnnà, ibi tí ooru inú ilẹ̀ ti ń mú un gbóná, tí ó sì ń gba ibi tí òkúta ti ṣán padà jáde ní Ìkógòsì. Kò sí òkè oníná lábẹ́ rẹ̀. Ìsun tútù kan ń sun nítòsí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì pàdé ní ẹsẹ̀ òkè kan náà. Ìtàn àwọn ará ìlú fi wọ́n wé ìyàwó méjì tí ó jọ ní ọkọ kan. Ohun tí ó yẹ ni kí a kọ àlàyé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní etí omi, nítorí pé ẹyẹ kì í fi apá kan fò: ìmọ̀ òkúta sọ bí omi ti ṣe gbóná, ìtàn sì sọ ohun tí omi náà jẹ́ fún àwọn tí ó kọ́kọ́ bù ú mu.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, wọ́n ti ronú sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Bern, ní ilẹ̀ Switzerland, músíọ́mù kan wà láti ọdún 1905 tí a kọ́ fún àwọn òkè Alps nìkan. Nítorí pé òkè kò wọ inú ilé, wọ́n mọ àwòrán rẹ̀ kékeré, tí ó ní gegele àti àfonífojì, kí ènìyàn lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní etí adágún Constance ní Jámánì, láti 1922, wọ́n ti tún àwọn ilé orí òpó kọ́ sínú omi gẹ́gẹ́ bí àwọn ará àtijọ́ ti ń kọ́ ọ, àlejò sì ń rìn láti ilé dé ilé. Wọn kò ní òkè jù wá lọ, wọn kò sì ní ìtàn jù wá lọ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tètè jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Tiwa kò kéré. Ní ìhò Ẹlẹ́ẹ̀rú, nítòsí Ìsàrun, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀mọ̀wé Thurstan Shaw wú egungun ènìyàn jáde ní 1965, èyí tí ó ti wà lábẹ́ àpáta náà ju ọdún 11,000 lọ. Ní àárín òkè Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbàjọ ni Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn ti dojú kọ ara wọn nínú ogun tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí a tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di 1893. Ìró ìbọn ńlá ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì, ìró tí òkè sí òkè ń dá padà fún ara wọn. Ìró òkè ni orúkọ ogun náà! Ògòtùn ń hun ẹní, Ìsàn ń mọ ìkòkò, inú ilẹ̀ Ìjerò sì ní òkúta iyebíye. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́ kan níbi tí Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ógun ará Ọ̀sì. Ìyẹn pẹ̀lú jẹ́ irú ìpamọ́ kan: dípò kí a pa ohun tí ọwọ́ ṣe mọ́, ọwọ́ gan-an ni a pa mọ́.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì? Ní èrò tiwa, kì í ṣe ilé ńlá ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Èkíní, kí a kọ orúkọ gbogbo òkè, ihò àti ìsun sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìtumọ̀ àti oríkì wọn, lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Èkejì, kí a ya àwòrán ohun ọnà tí ó wà ní ààfin àti ní agbo ilé, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é sí i, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí a bá jí i ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹ̀rí. Láti 1953 ni òfin ti wà tí kò jẹ́ kí a kó irú ohun bẹ́ẹ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n òfin kò lè dá ohun tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀kẹta, kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn àwòrò àti àwọn àgbà kí a tó fi ohunkóhun hàn. Àwọn ohun kan wà tí ojú òǹwòran kò yẹ kí ó kàn, bíbọ̀wọ̀ fún ìyẹn kò sì ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gun òkè tiwọn kí wọ́n tó ka ti Alps nínú ìwé.

Ìdí tí a fi ń kánjú kò ṣòro láti mọ̀. Ère tí ó bá kúrò ní Èkìtì lè padà lọ́jọ́ kan. Òkè tí a bá fọ́ láti fi rọ ọ̀nà kì í padà hù. Arúgbó tí ó mọ orúkọ òkè náà pẹ̀lú kò ní dúró títí a ó fi rí owó kọ́lé. Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé àti gègé lọ bá wọn ní ìsinsìnyí. Bí a bá ti gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ilé tí a ó kó o sí lè wá tẹ̀ lé e; ṣùgbọ́n bí a bá kọ́lé láìní ọ̀rọ̀, òkúta àti igi nìkan ni yóò wà níbẹ̀, wọn kò sì ní lè dáhùn bí ọmọ bá bi wọ́n léèrè.